Mo Ń Pa Iná Ọkọ̀ Aránṣọ Kí N Lè Máa Rí I

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí mo bá parí ọ̀rọ̀, ẹ lè wá fi ẹnu yín sọ ohun tí ọkàn mi ń sọ fún mi láràárọ̀.

Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ kò sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá, mú mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Etí ni Ọ̀gá fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ tó sùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, Ọ̀gá kò sì ní sùúrù láti máa ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò lé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ohun tí mo bá sọ pé ẹ̀rọ wí, òun ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wo ojú rẹ̀.

Ojú sì máa ń tì mí jù. Tí oníbàárà bá bi mí ní nǹkan, bàtà rẹ̀ ni mo máa ń dá lóhùn.

Nítorí náà, bàtà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára Aránṣọ. Bàtà aláwọ̀ ewé ni, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi òwú rán an padà débi pé ẹni tí kò bá wo ilẹ̀ bíi tèmi kò lè rí ojú abẹ́rẹ́. Mo gbójú sókè díẹ̀. Mo rí fọ́nrán òwú pupa kan tó lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Iná kan tàn níwájú mi, ó rí bí ẹ́ńjìnnì kékeré. Ṣé ọkọ̀ mi fẹ́ kú ni?"

"Kò ní kú, mà."

"Mà kẹ̀? Ṣé mo jọ ìyá rẹ?"

Wẹ́dà, ẹni tó ń jó páìpù èéfín pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, bú sẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà, dá wọn lóhùn! Àbí ẹ̀rọ rẹ ò ní èyí nínú?"

Mo sá wọ inú ọkọ̀. Mo ki ẹnu ẹ̀rọ bọ abẹ́ sítíárìn. Ẹ́ńjìnnì náà ní ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó. Ẹ̀rọ ní ihò kẹta ń já iṣẹ́ sílẹ̀. Mo yọ kọ́ìlì ibẹ̀, ìyẹn nǹkan tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, mo fi pààrọ̀ ti ihò kejì. Àìsàn náà ṣí nílé, ó kó lọ sí ihò kejì. Ó dájú wàyí: kọ́ìlì yẹn gan-an ni olè. Mo dá a padà sí ibùjókòó rẹ̀, mo sì ké sí Ọ̀gá pé kọ́ìlì ló bàjẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, Aránṣọ jókòó lórí táyà àlòkù kan, ó ń sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ bàbá mi ni. Wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lórí òkè lọ́hùn-ún. Wọn ò mọ̀ mí mọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni mo sọ fún bàtà rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Tí mo bá ti wa ọkọ̀ yìí wọ ẹnu géètì, wọ́n á dìde nílẹ̀. Wọ́n á ní, 'Ọkọ̀ mi dé! Ọmọ mi ló ń wà á bọ̀.' Tí mo bá wá wọlé, wọ́n á pe orúkọ mi. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun." Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. "Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Jọ̀ọ́, ohunkóhun tó o bá ṣe sí i, má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yí padà."

Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó mú kọ́ìlì kan tó ṣì dára wá. "Gbà, fi èyí sí i. Kò tó iṣẹ́ rárá."

Mo gba kọ́ìlì náà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí èṣù ti jókòó tì mí nìyí. Mo ní nínú ara mi pé, tí mo bá fi kọ́ìlì yìí sí i, ọkọ̀ á dára, Aránṣọ á kí wa pé ó dàbọ̀, ó parí. Ta ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan? Ṣé èmi tí mi ò lè wo ojú ènìyàn ni màá wá ní kó padà wá?

Ibì kan wà lójú ẹ̀rọ tí a máa ń tẹ̀ tí a bá tún ọkọ̀ ṣe tán. Yóò pa iná náà rẹ́. Tí àìsàn ọkọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, iná á kú fún ọjọ́ mélòó kan, á sì tún tàn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná kú. Mo ti kọ́ìlì tó dára náà bọ inú dúrọ́ọ̀ irinṣẹ́ mi, mo fi àkísà bò ó.

"Ó ti tán?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ó ti tán, sà."

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí iná fi tún tàn. Aránṣọ dé. Òwú àwọ̀ ojú ọ̀run ló wà lára ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù iṣẹ́ mi kan ti fẹ́ já, ó sì fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́. Abẹ́rẹ́ ò mọ ojú ẹni kan o."

Mi ò mí títí ó fi rán an tán. Lẹ́yìn náà ni mo tún pa iná, ó sì lọ. Bọ́tìnnì yẹn ni mo ń fọwọ́ kàn títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó tún wá. Mo tún pa á. Tó bá ti jókòó sórí táyà, á máa ròyìn àwọn oníbàárà rẹ̀: ti ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń sanra bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ti ọkùnrin tó ní kí wọ́n fi àpò ìkọ̀kọ̀ sí ṣòkòtò òun kí ìyàwó òun má bàa rí i, tí ìyàwó náà sì ti wá sọ fún Aránṣọ tẹ́lẹ̀ pé kó fi sí apá òsì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó yá, mo ń rẹ́rìn-ín síta.

Wẹ́dà ò jẹ́ kí n sinmi. "Ọkọ̀ yìí mà fẹ́ràn wa o! Àbí ọkọ̀ kọ́ ló fẹ́ràn wa?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ̀ ọmọ yìí ń pọ̀ jù níbí. Mo gbọ́ tó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ni ẹ̀rọ wí?"

"Ó ní waya kan ló ń já, sà. Mò ń tọ́jú ẹ̀."

"Kọ́ìlì ńkọ́?"

"Kọ́ìlì ò ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí. Ó gbà mí gbọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, torí ohun tó ń gún mi jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ ọkọ̀, láàárín páìpù èéfín, ìkòkò irin kan wà tí a ń pè ní kátálístì. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, òkúta tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Òun ló ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde. Òun náà sì wà lára ohun tó ń mú kí ohùn ọkọ̀ rọlẹ̀. Epo tí ihò kẹta ò jó, inú afárá yẹn ló ń lọ jó sí. Ooru á pọ̀ jù, òkúta á yọ́, ihò á dí, èéfín ò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ́ńjìnnì tí kò lè mí síta kò lè mí sínú.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbọ́ ìròyìn aṣọ yẹn, afárá ń yọ́.

Ìgbà kan wà tó dé, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì tẹ̀lé ọkọ̀ náà wọlé. Aránṣọ fi ọwọ́ bo imú. "Ṣé ọkọ̀ ni àbí Wẹ́dà?"

"Ẹ gbà mí o!" Wẹ́dà kígbe. "Mo wẹ̀ láàárọ̀!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ òórùn náà. Òórùn kátálístì tó ń jìyà ni. Mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú kọ́ìlì náà jáde. Mo ní òní ni màá fi sí i, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Tí iná yìí bá wá kú pátápátá, níbo ni màá ti máa rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ báyìí?"

Ó fi ṣe àwàdà ni. Èmi ò mọ àwàdà. Mo dá kọ́ìlì padà sábẹ́ àkísà.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dojú rú, ọ̀sán ni. Fóònù mi dún.

"Kọ̀ǹpútà, mò ń gun òkè lọ sọ́dọ̀ bàbá mi. Iná yẹn ń ṣẹ́jú o. Kò dúró gbọingbọin bí ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ sì ń gbọ̀n."

Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Tí iná yẹn bá dúró sójú kan, wá mẹkáníìkì rẹ lọ. Tó bá ń ṣẹ́jú, páàkì lójú ẹsẹ̀, má gbé ẹsẹ̀ kan síwájú mọ́.

"Ṣé kí n páàkì?" ó bèèrè.

Mo ronú kan mẹkáníìkì mìíràn tí yóò lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo ronú kan ohun tí yóò rí.

"Rárá. Ẹ rọra máa wà á lọ. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ mi."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Kò yà. Mo dúró dè é títí Ọ̀gá fi ti ilẹ̀kùn. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so lọ́rùn. Aránṣọ sọ̀kalẹ̀. Ẹrẹ̀ kún bàtà aláwọ̀ ewé náà. Kò sí òwú kankan lára ẹ̀wù rẹ̀; ẹ̀wù àná ló ṣì wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá." Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó kú sórí òkè. Ó ń gbin bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí irin tó ń jáde nínú iná. Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí wá fi ẹ̀rọ tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kọ́ìlì kan ti kú tipẹ́tipẹ́, òun ló ba kátálístì jẹ́." "Ó ní ẹ̀rọ máa ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rìn tó láti ìgbà tí wọ́n ti pa iná rẹ̀ rẹ́ gbẹ̀yìn. Ó ní kò rìn jìnnà rárá. Ó wò mí báyìí, ó ní, 'Màdáámù, ẹnì kan kàn ń pa iná yìí fún yín ni. Kò tún un ṣe rí.'"

Wẹ́dà rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà," Ọ̀gá ní.

"Sà."

"Kọ́ìlì tí mo fún ọ dà?"

Mo lè purọ́ sí i. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó tilẹ̀ ti wọṣọ tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gbé mi débi dúrọ́ọ̀. Mo ká àkísà kúrò. Mo mú kọ́ìlì náà wá, mo gbé e lé Ọ̀gá lọ́wọ́.

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí.

"Mo gbọ́ tí ọkọ̀ yìí ń wúkọ́," ó ní. "Etí mi yìí gbọ́ ọ. Mo ní ọmọ mi ti wò ó, ọmọ mi ò ní tàn mí. Mo pa etí ara mi tì nítorí ẹnu rẹ."

Aránṣọ wá yíjú sí mi. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé nígbà náà?"

Mo sọ ọ́ fún ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀. "Mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni."

"Kí n máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa wá."

Ọkọ̀ tó fa ọkọ̀ náà ṣì ń kùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbójú sókè," ó ní. Mo gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo ojú rẹ̀ dáadáa nìyẹn, omi ló sì kún inú rẹ̀. "Mẹkáníìkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ìyá rẹ̀ ni mò ń ránṣọ fún. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ kí n tó dé ibí. Kí lo rò pé ó ń gbé mi kọjá? Ẹnu rẹ lo kàn máa yà, kó o ní, 'Aránṣọ, wá kí mi.' Ǹ bá wá. Ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn wá."

Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi jókòó ti fèrèsé lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nọ́ọ̀sì wọn ló pè mí. Ó ní wọ́n ń sọ pé ọmọ àwọn ò pẹ́ báyìí rí."

Ọkọ̀ náà ti dàgbà, irú kátálístì rẹ̀ ò sì sí nítòsí. Wẹ́dà ní ohun kan ṣoṣo tí òun lè ṣe kó lè rìn ni kí òun gé ìkòkò náà kúrò, kí òun jó páìpù gbọọrọ sí ojú rẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ á yí padà," Aránṣọ ní.

"Á yí padà," Wẹ́dà ní. Kò ṣe àwàdà.

"Ẹ ṣe é. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n tún jókòó bẹ́ẹ̀ lónìí."

Nígbà tí Wẹ́dà gé ìkòkò náà tán, ó dà á dojú dé. Òkúta afárá dà sílẹ̀ bí àfọ́kù ìkòkò, ó dúdú, ó ti yọ́ mọ́ra. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ìlì sí i. Aránṣọ ṣíná. Ọkọ̀ náà bú ramúramù débi pé àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà yíjú wò wá. Aránṣọ di ojú rẹ̀.

"Bá a lọ," Ọ̀gá sọ fún mi. "Tó bá dúró lọ́nà, kó má dá wà. Kó o sì lọ fi ojú rẹ rí i."

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ariwo ọkọ̀ náà ló bá wa gun òkè náà tán.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú náà ń rùn fún ọṣẹ. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn ṣìṣe, ọ̀kan ṣẹ́kù lókè. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ẹ ní kí ẹni yẹn pa ariwo yẹn," wọ́n ń sọ. "Ẹ ní kó pa á."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí iwájú wọn. Ó rọra sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Bàbá mi, wọ́n ti pa á. Èmi nìyí."

Wọ́n wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò tó mọ̀wà hù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìta. Ọmọ mi ní òun ń bọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọkọ̀ mi."

Aránṣọ dìde. Ó lọ sójú fèrèsé lóòótọ́, ó wo ìta, ibi tí ọkọ̀ náà dúró sí nínú oòrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó tún àwọn bọ́tìnnì náà dè fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti wà lọ́nà, sà," ó ní.

Bàbá rẹ̀ ló pè ní sà bẹ́ẹ̀. Mo jáde síta, mi ò lè dúró wò ó.

Mo wá kátálístì yẹn kiri gbogbo ibi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí. Ó pẹ́ kí n tó rí i, lábẹ́ ọkọ̀ kan tí koríko ti hù nínú rẹ̀. Èmi ni mo tú u, èmi ni mo gbé e wálé. Wẹ́dà jó o mọ́ ọn. Ọ̀gá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà pípẹ́, ó mi orí pé ó dáa. Ohùn rẹ̀ ti padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Aránṣọ gba kọ́kọ́rọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó wà á lọ.

Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá ló wá fún ní ṣòkòtò tó bá a rán. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo sá tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbójú sókè fúnra mi.

"Ṣé Bàbá gbọ́ ọkọ̀ náà?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mo ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn.

"Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n dákẹ́ kí àwọn lè gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní, 'Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yẹn mà dára o. Ta ló ni ín?'"

Ó lọ.

Ẹ̀yin tí ojú ń tì bíi tèmi, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Tó bá wọ́, ẹ sọ ọ́ ní wíwọ́. Ẹni tí ẹ ń sọ ọ́ fún lè rẹ́rìn-ín, ó lè kọ̀, kò ní pa yín. Èyí tí ẹ bá gbé gba ẹ̀yìn ilé ni yóò pa ẹlòmíràn lára, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ yín.

Ọkọ̀ Aránṣọ dára gan-an báyìí. Iná kan ò tàn nínú rẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n kí n tó rí i. Kì í yà.